Bí o ṣe lè jèrè kíláàsì sẹ́mínà: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọmọnìyàn àti ìmọ̀ àwùjọ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń lo ọdún kan tàbí méjì ní yunifásítì kí wọ́n tó wọ kíláàsì sẹ́mínà. Gbọ̀ngàn ńlá ni ojú wọn ti mọ́: olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ níwájú, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìdánwò dé, wọ́n dá a padà fún un bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n wọ yàrá kékeré kan tí tábìlì kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀. Èèyàn 10 sí 15 ló yí i ká, olùkọ́ náà sì jókòó láàárín wọn. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ojú wọn, ó ní, "Ó dáa. Kí lẹ rí nínú ohun tí a kà?" Yàrá pa lọ́lọ́.

Mo ti wà nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí nǹkan sọ, mo sì ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń béèrè. Ohun tí ojú mi rí níhà méjèèjì ni pé ìtìjú kọ́ ló sábà ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́, bí ó ṣe kàwé ni. Ẹni tó kàwé bí ẹni ń múra ìdánwò lè mọ gbogbo rẹ̀ sórí, kó má sì ní gbólóhùn kan láti sọ. Ẹni tó bá òǹkọ̀wé jiyàn nígbà tó ń kà á kò ní wá ọ̀rọ̀ tì. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ́ nípa wákàtí tó ṣáájú kíláàsì.

Látinú èdè Látìn ni orúkọ yìí ti wá. "Seminarium" ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́ irúgbìn títí yóò fi tó ṣí lọ sóko. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Jámánì ló sọ ọ́ di ọ̀nà ìkọ́ni. Leopold von Ranke, onímọ̀ ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Berlin ní 1825, a máa kó akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ, wọn a jọ máa tú ìwé àtijọ́ wò fínnífínní: ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ló kọ ọ́, kí ló ń wá tó fi kọ ọ́? Nígbà tí wọ́n ṣí yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ní 1876, wọ́n gbé ọ̀nà ìkọ́ni yìí lọ síbẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ranke ń béèrè yẹn ṣì ni iṣẹ́ tí a ń ṣe nídìí tábìlì lónìí, yálà ìtàn lò ń kọ́ ni, tàbí lítíréṣọ̀, ìmọ̀ ìṣèlú, ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, tàbí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: yan èyí tí o lè ṣe

Orí ọ̀rọ̀ kan tó há ni sẹ́mínà máa ń dá lé. O kò ní rí "ìtàn ayé" níbẹ̀, o máa rí "ìwé ìròyìn àti ìdìde orílẹ̀-èdè", tàbí "owó àti ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín àjèjì". Àkọlé tó dùn létí lè tan ènìyàn. Sẹ́mínà méjì lè dá lé ogun, kí ọ̀kan kún fún ewì àti lẹ́tà àwọn ológun, kí èkejì jẹ́ kìkì àtẹ ìṣirò. Gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà kí o tó forúkọ sílẹ̀. Wo iye ojú ìwé tí wọ́n ń kà lọ́sẹ̀, wo bí wọ́n ṣe pín máàkì, wo ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní ìparí. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì bá wà lórí ọ̀rọ̀ sísọ nínú kíláàsì, mọ̀ ọ́n kí o tó wọlé.

Tí iṣẹ́ ìparí bá gba kí o fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá ìgbìmọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọ́n wà, wọ́n sì lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó dáhùn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìbéèrè tó dára gan-an, tó wá rántí ìwé àṣẹ nígbà tí sáà ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ńṣe ló ní láti yí iṣẹ́ náà padà pátápátá.

Má ṣe ju sẹ́mínà méjì lọ ní sáà kan. Ẹnìkan lè ṣe mẹ́ta kó má fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n kò ní ka ọ̀kankan nínú wọn dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kejì: kàwé bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Sẹ́mínà kan lè fún ọ ní ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra bírò yẹ́lò tí wọ́n fi ń kun ọ̀rọ̀, mo sì ń kun ohun gbogbo tó bá jọ ohun pàtàkì. Gbólóhùn gbogbo ló jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Lọ́sẹ̀ kẹrin, olùkọ́ mi bi mí pé, "Ta ni òǹkọ̀wé yìí ń bá jà?" Mo wo ìwé mi tó ti di yẹ́lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ìdáhùn kankan níbẹ̀. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò mọ ohun tó ń bí i nínú. Lẹ́yìn kíláàsì, ó ní kí n gbé bírò yẹn sílẹ̀, kí n mú pẹ́ńsùlù, kí n sì má kọ ju nǹkan mẹ́ta lọ sí etí ìwé: K níbi tí òǹkọ̀wé bá ti sọ kókó tó fẹ́ ká gbà, Ẹ níbi tó bá ti mú ẹ̀rí wá, àmì ìbéèrè níbi tí èmi kò bá ti gbà tàbí tí kò yé mi. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kàwé.

Má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní lọ títí dé òpin bí ẹni ń ka ìtàn àròsọ. Lo ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ láti yí ìwé náà ká. Ka àkọlé, ka àkójọ orí-ọ̀rọ̀, ka ìfáárà àti ìparí, kí o sì wo àkíyèsí ìsàlẹ̀ ojú ìwé mélòó kan àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé máa ń dárúkọ àwọn tó ń bá fà á sí. Lẹ́yìn náà, pa ìwé dé, kí o kọ gbólóhùn méjì: ohun tó ń sọ, àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Wàyí o, padà wọ inú rẹ̀. Nísinsìnyí o mọ ohun tí ò ń wá, o lè yára níbi tí ó ti ń to àpẹẹrẹ jọ, o sì lè rọra níbi tí ọ̀rọ̀ ti le.

Ọ̀nà yìí wà fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀ o. Tí ohun tí wọ́n ní kí o kà bá jẹ́ ewì, tàbí lẹ́tà àtijọ́, tàbí àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́, má yí i ká. Ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kà á lẹ́ẹ̀mejì, kà á sókè sétí ara rẹ.

Jẹ́ kí n mú ọ̀kan sún mọ́ ojú wa. Ní 1983, Benedict Anderson, onímọ̀ ìṣèlú, tẹ ìwé kan jáde lórí ibi tí orílẹ̀-èdè ti ṣẹ̀ wá. Ó ní orílẹ̀-èdè jẹ́ àwùjọ tí à ń fi ojú inú rí: kódà nínú èyí tó kéré jù lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè mọ ara wọn tán láéláé, síbẹ̀ olúkúlùkù gbà lọ́kàn pé àwọn jọ jẹ́ ọ̀kan. Ó ní lára ohun tó la ojú inú yìí ni ìwé títẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, pàápàá ìwé ìròyìn. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn òwúrọ̀ mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí òun kò rí rí ń ka irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ilẹ̀ Jámánì, wá, pé ìwé ìròyìn ló rọ́pò àdúrà òwúrọ̀ fún èèyàn òde òní.

Ẹni tó ń kàwé fún ìdánwò á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Anderson: orílẹ̀-èdè = àwùjọ tí à ń fi ojú inú rí", á pa ìwé dé. Kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti gbé wá sídìí tábìlì. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á dúró lórí gbólóhùn kékeré kan, ibi tí Anderson ti ní ìdákẹ́jẹ́ ni a fi ń ṣe ètò ìwé ìròyìn kíkà yìí, nínú agbárí ẹni, láìsí ẹlòmíràn ńbẹ̀. Á fi àmì ìbéèrè sí etí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kẹ̀? Àwọn tí kò mọ̀wé kà ńkọ́? Ṣebí ẹnìkan lè máa ka ìwé ìròyìn sókè, kí ogún èèyàn jókòó tì í máa gbọ́, kí wọ́n máa dá sí i, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa bú ẹni tí ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ṣé àwùjọ tí àwọn wọ̀nyẹn ń fi ojú inú rí jọ ti ẹni tó dá nìkan kà á? Ní báyìí, ó ti ní nǹkan lọ́wọ́.

Wàá sì rí i pé àwọn onímọ̀ pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara wọn. Partha Chatterjee, onímọ̀ ìṣèlú ará Íńdíà, ka Anderson, ó sì bí i léèrè nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1993: bí ó bá jẹ́ pé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ṣe àwòṣe orílẹ̀-èdè sílẹ̀, tí àwọn ilẹ̀ yòókù kàn ń mú nínú rẹ̀, kí ló wá kù fún wọn láti fi ojú inú rí? Ìbéèrè kan ṣoṣo, tó ti inú ọ̀rọ̀ Anderson fúnra rẹ̀ jáde, ni ó fi ṣí ilẹ̀kùn gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá fi Anderson sí ọ̀sẹ̀ kẹta, tó fi Chatterjee sí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìjiyàn àwọn méjèèjì ló fẹ́ kí o jókòó tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí o ka ìwé ètò ẹ̀kọ́ bí ìtàn tó ní ìtẹ̀léra: bi ara rẹ léèrè ìdí tí èyí fi ṣáájú, tí ìyẹn sì tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ojú ìwé kan péré

Kí o tó jáde nílé lọ sí kíláàsì, mú ìwé kan, kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nìkan. Kọ kókó òǹkọ̀wé ní gbólóhùn kan, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ. Kọ nọ́ńbà ojú ìwé méjì tí o fẹ́ kí gbogbo yín jọ ṣí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ní ṣókí. Kọ ìbéèrè kan.

Ìbéèrè yẹn ni kí o fara balẹ̀ sí. "Ṣé òótọ́ ni ohun tí Anderson sọ?" máa pa ìjíròrò, torí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa fi dáhùn. "Kí ni orílẹ̀-èdè?" fẹ̀ jù, olúkúlùkù á máa sọ tẹnu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ṣí ìwé. Ìbéèrè tó dára máa ń ní ẹsẹ̀ kan nínú ìwé, á sì ní èkejì níta: "Anderson ní ìdákẹ́jẹ́ la fi ń ka ìwé ìròyìn. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń kà á ló pọ̀ jù, kí ló máa yẹ̀ nínú àlàyé rẹ̀, kí ló sì máa dúró?" Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìyẹn gbọ́dọ̀ padà sínú ìwé.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń gba ojú ìwé kan tàbí méjì bí èyí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kíláàsì. Bí tìrẹ kò bá gbà á, kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nídìí tábìlì

Sọ̀rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Kò di dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. "Ẹ jọ̀wọ́, ìpínrọ̀ kejì ní ojú ìwé tí a wà yìí kò yé mi, ṣé a lè jọ kà á?" ti tó. Bí wákàtí kan bá lọ tí o kò tíì la ẹnu, ńṣe ni ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ á máa wúwo sí i lọ́kàn rẹ, títí wàá fi máa rò pé ó gbọ́dọ̀ dára ju ti gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú lọ.

Nígbà tí o bá máa sọ̀rọ̀, mú àwọn èèyàn lọ sí ojú ìwé kan. Dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀, dúró kí wọ́n ṣí i, ka gbólóhùn náà, kí o tó sọ èrò rẹ. Ohun kékeré nìyí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun mìíràn tó ń yí ìjíròrò padà bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé bá wà ní ṣíṣí, a kì í sọ̀rọ̀ sófuurufú.

Tí o kò bá gba ohun tí ẹlòmíràn sọ, kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa gbà á: "Bí mo bá gbọ́ ọ yé, ohun tí ò ń sọ ni pé..." Dúró kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni kí o wá sọ ibi tí ẹ ti yà síra. Bákan náà ni fún olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà pé àìbọ̀wọ̀ ni kí wọ́n tako olùkọ́ nínú kíláàsì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó pe sẹ́mínà ti ní kí ẹ wá tako òun. Kí o ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí o mú ẹ̀rí dání, kí o fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ọ̀wọ̀ tó ń retí nìyẹn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ọlọ́gbọ́n ibí yìí sì lè jẹ́ ọmọ tó kéré jù nídìí tábìlì.

Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀ jù, ka iye ìgbà tí o ti dá sí i. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tìrẹ ni láti fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn: "Ìwọ náà sọ ohun kan tó jọ èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé o ṣì dúró lé e?" Ẹni tí o bá bi ní irú ìbéèrè yẹn á mọ̀ pé ẹnìkan fetí sí òun.

Má kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Kọ ìbéèrè tí ẹ kò rí ìdáhùn sí. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ló máa bí iṣẹ́ ìparí rẹ.

Ọ̀sẹ̀ kan á wà tí o kò ní lè kàwé tán. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn. Má fi ẹnu lásán bò ó mọ́lẹ̀. Mú orí kan ṣoṣo, kà á dáadáa, kí o sì sọ pé ibẹ̀ nìkan ni o dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ tí ó bá kàn ọ́ láti ṣíwájú

Wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 láti ṣí ìjíròrò. Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á máa tún ìwé náà sọ láti orí kìíní dé orí tó gbẹ̀yìn fún àwọn tó ti kà á. Ìṣẹ́jú méjì ti tó fún kókó ìwé náà. Lo ìyókù lórí ibì kan ṣoṣo tí o rò pé gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, fi hàn wá bí òǹkọ̀wé ṣe ti ẹ̀rí dé ibi tó dé, fi hàn wá ibi tó ti fò. Parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè méjì.

Kà á sókè nílé, kí aago wà níwájú rẹ. Ojú ìwé kan tí o tẹ̀ ní àlàfo ìlọ́po méjì láàárín ìlà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì láti kà, nítorí náà ojú ìwé méje ti kún ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí o bá béèrè ìbéèrè tán, dákẹ́. Ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá nínú ara rẹ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn lójú ẹni tó béèrè, kò gùn lójú àwọn tó ń ronú. Tó bá jẹ́ ìwọ lo dáhùn ìbéèrè ara rẹ, o ti gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iṣẹ́ ìparí

Ọ̀pọ̀ sẹ́mínà ló máa ń parí sí àpilẹ̀kọ kan tó jẹ́ ojú ìwé 15 sí 25. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Ohun tó máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró ni pé orí-ọ̀rọ̀ ló ní, kò ní ìbéèrè. "Mo fẹ́ kọ nípa àwọn aṣíkiri" jẹ́ orí-ọ̀rọ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Àwọn aṣíkiri wo, kí ni o sì máa fi mọ̀ wọ́n? Ká ní o sọ pé lẹ́tà tí wọ́n kọ sílé. William Thomas àti Florian Znaniecki, àwọn onímọ̀ àwùjọ méjì, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Poland tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ìdìpọ̀ márùn-ún ló jẹ́, ó jáde láàárín 1918 sí 1920, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà tí àwọn ìdílé kọ síra wọn ló sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ kò lè ṣe èyí ní sáà kan. Ṣùgbọ́n o lè mú lẹ́tà 12 tó ti ọ̀dọ̀ ìdílé kan wá, kí o béèrè pé: kí ni ẹni tó lọ sókè òkun ń fi pamọ́ fún àwọn tó wà nílé, báwo ni a sì ṣe lè rí ohun tí ẹnìkan kò kọ? Wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe há tó, tó sì tún fẹ̀. Ẹ̀rí rẹ wọnú àpò kan, ìbéèrè rẹ kan gbogbo ẹni tó kọ lẹ́tà sílé rí.

Dán ìbéèrè rẹ wò báyìí: ẹ̀rí wo ni mo bá rí tí màá fi gbà pé mo ṣì í? Tí kò bá sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ lo fẹ́ kọ, ìwádìí kọ́.

Ya ẹ̀rí àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìkànìyàn, ìwé ìròyìn ìgbà náà, ohùn ẹni tí o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni wọ́n. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa wọn jẹ́ ìjíròrò tí ò ń wọ̀. O nílò méjèèjì. Láti rí ìkejì, mú ìwé kan tó sún mọ́ ìbéèrè rẹ jù lọ, tẹ̀lé àkíyèsí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sínú ìwé tó ń tọ́ka sí, kí o tún ti ibẹ̀ tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí orúkọ mẹ́rin márùn-ún kan náà bá ti ń padà wá, o ti mọ àwọn tó wà nínú ìjíròrò náà. JSTOR, àkójọ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wúlò fún èyí, ilé ìkàwé yunifásítì rẹ ló sì ṣeé ṣe kó ti sanwó rẹ̀. Lọ bá òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé pẹ̀lú. Wọ́n mọ ibi tí nǹkan wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò sì pọ̀. Tí o bá lo ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, má kọ orúkọ ìwé kankan tó dá fún ọ sílẹ̀ títí wàá fi rí ìwé náà fúnra rẹ, torí ó lè hun orúkọ òǹkọ̀wé àti àkọlé tí kò sí láyé pọ̀.

Ẹni tí o bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, kó sì lè ní òun kò ṣe mọ́ nígbàkúùgbà. Yí orúkọ rẹ̀ padà nínú iṣẹ́ rẹ àyàfi tó bá ní òun fẹ́ kó hàn.

Lójú ẹsẹ̀ tí o bá da gbólóhùn kan kọ sínú ìwé rẹ, kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti nọ́ńbà ojú ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì fi àmì àyọlò (“ ”) yí i ká. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kàn ni kò ní in lọ́kàn láti jalè. Wọ́n gbàgbé èyí tó jẹ́ tiwọn àti èyí tó jẹ́ ti oníìwé ni. Ní ti ìlànà ìtọ́ka, ìyẹn bí a ṣe ń kọ orúkọ àwọn ìwé tí a lò sílẹ̀, Chicago ni àwọn onímọ̀ ìtàn sábà ń lò, MLA ni ti àwọn onílítíréṣọ̀, APA wọ́pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ. Béèrè èyí tí olùkọ́ rẹ fẹ́, kí o má sì dà wọ́n pọ̀.

Kọ ọ́ tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí o máa fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rí. Fún ẹnìkan nínú kíláàsì náà kó kà á, kí ìwọ náà ka tirẹ̀. Má bi í bóyá ó dára. Ní kí ó kọ kókó iṣẹ́ rẹ fún ọ ní gbólóhùn kan. Tí ohun tó kọ kò bá jọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, iṣẹ́ kù, ìfáárà ni o sì máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: lọ rí olùkọ́ rẹ

Wákàtí tí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà, títí di ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ máa wọlé, tí gbogbo èèyàn á wá tò sẹ́nu ọ̀nà. Lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí karùn-ún. Kọ ímeèlì kúkurú síwájú: "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo wà nínú kíláàsì sẹ́mínà yín ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń ro iṣẹ́ ìparí kan lórí lẹ́tà àwọn aṣíkiri, ẹ̀rí mi wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì fẹ̀ jù. Mo so ojú ìwé kan mọ́ ọn. Ṣé mo lè rí yín lọ́jọ́bọ̀?"

Má lọ sọ fún un pé o kò mọ ohun tí o máa kọ. Ìbéèrè méjì tí ò ń ṣiyèméjì láàárín wọn ni kí o gbé lọ, pẹ̀lú ẹ̀rí kan tó yà ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó bá sì dá iṣẹ́ náà padà tí ó ti kọ nǹkan sí etí rẹ̀, tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà bí máàkì rẹ bá dára. Ka gbogbo ohun tó kọ, mú ọ̀kan tí kò yé ọ, kí o sì ti ṣí ìwé náà sí ojú ewé yẹn kí o tó kan ilẹ̀kùn.